Ẹ́ńjìnnì Tí Kì í Nọ́ọ̀kì

Ẹni tó bá ti gbá Forza Horizon 5 mọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Géèmù náà, tó jáde ní 2021, á to ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wàá mú èyí tó wù ẹ́, wàá sanwó, ó parí. Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun mọ̀ pé iṣẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó ṣe é ló yan ẹ́ńjìnnì tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan lè gbà, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwúwo tiẹ̀. Gbé èyí tó wúwo jù sí iwájú mọ́tò kékeré, kò ní fẹ́ gba kọ́nà mọ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, a kí wọn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló ń bi wá ṣáá: ṣé ẹ fẹ́ sáré sí i ni?

Ní Ìpara tiwa ní Rẹ́mọ, ta ló ń torí eré pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì? Èyí tó wà níbẹ̀ ti nọ́ọ̀kì ni. Tàbí kẹ̀, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni, ó ń mu epo bí omi, àtìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, onímọ́tò ń wá onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ó di Ládípọ̀, ní Mushin. Tòkunbọ̀ ni wọ́n máa tà fún un, ta ló mọ ohun tójú ẹ́ńjìnnì náà ti rí? Ó lè má bá gíà mu, brain box lè yarí. Bó bá tiẹ̀ wọlé, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò bá ti inú ìwé mọ́tò mu mọ́, ọlọ́pàá sì ń bẹ lọ́nà.

Epo kì í tán nínú Horizon. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè nìkan ni yíyàn ẹ̀ ń lọ, àfi tá a bá fẹ́ fi mọ́tò bọ́ sí kíláàsì kan.

Gran Turismo 7 (2022) gbìyànjú oríire: tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pín ẹ́ńjìnnì. Lójú tiwa, wọ́n gbé oríire síbi tí kò yẹ. Ní Ládípọ̀, ẹ́ńjìnnì pọ̀ bí iyanrìn. Inú ẹ̀ ni oríire wà. Ẹ má sì sọ pé ọ̀dọ́ ò fẹ́ wàhálà nínú géèmù, jàre. Nínú My Summer Car, tó wá láti Finland, bóòtù kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń fọwọ́ dè, wọ́n sì ń gbá a.

Ohun tá a fẹ́ ò pọ̀: epo tó ń tán, ìwé mọ́tò, àti nọ́ńbà kan tó fara sin, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbó tó. Ká sì lè fún mẹkáníìkì lówó díẹ̀ kó tẹ́tí sí i ká tó rà á.