Ìtẹ́lọ́rùn Kì Í Ṣe Kí A Gba Ìrẹ́jẹ

Ẹni tí ó bá gba Beam Park kọjá lónìí, ilé tuntun ni yóò rí. Ilẹ̀ iléeṣẹ́ Ford ni tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1931 ni Ford ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham, kí ó tó dáwọ́ títo mọ́tò pọ̀ dúró níbẹ̀ ní ọdún 2002. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni ó ń gbé ìhà ibẹ̀, ó wù wá kí òbí àti ọmọ jọ wo Made in Dagenham, fíìmù tí Nigel Cole darí, tí ó jáde ní ọdún 2010.

Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, àwọn obìnrin 187 tí ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́, ìdá 85 nínú 100 owó ọkùnrin tí ó wà ní ipele wọn ni wọ́n sì ń gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí Barbara Castle, mínísítà ọ̀ràn iṣẹ́, ti dá sí i, wọ́n gba ìdá 92, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Sally Hawkins ṣe Rita, aṣáájú wọn, dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni gidi tí ń jẹ́ orúkọ náà láàrin wọn. Ìran kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń ka oore ara rẹ̀ fún un: òun kì í mutí yó, òun kò na ìyàwó àti ọmọ rí. Ìyàwó dá a lóhùn pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe oore. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọkàn fíìmù náà wà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ayọ̀ tètè bo ìparí rẹ̀. Lóòótọ́, òfin owó dọ́gbadọ́gba jáde ní ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ipele, tí ó dá ìjà sílẹ̀, kò yanjú títí di ọdún 1984, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn.

Àwọn kan nínú ìjọ yóò sọ pé kò yẹ kí Kristẹni bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀ owó, nítorí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní kí àwọn ọmọ ogun jẹ́ kí owó iṣẹ́ wọn tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí wọ́n padà ka Lúùkù orí kẹta. Àwọn tí ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni ó ń bá wí. Ní ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, Jákọ́bù orí karùn-ún sọ pé owó alágbàṣe tí a dù ú ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Pọ́ọ̀lù tí ó kọ̀wé nípa ìtẹ́lọ́rùn láti inú ẹ̀wọ̀n, òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àgọ́ jẹun.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù tí fíìmù náà kò bi wá: bí owó bá ti pé, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Nínú wa ni a ti rí ẹni tí owó rẹ̀ tó, tí ó tún so iṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán nítorí ilé kejì ní Nàìjíríà àti aṣọ ẹbí, tí ọmọ rẹ̀ kì í rí i àfi ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ọ̀gá tí ó rẹ́ onítọ̀hún jẹ. Òun ni ó ń rẹ́ ilé ara rẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń gún iyán nínú odó ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa láìbẹ̀rù. Bí ó bá sì ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó tó.