Ta Ló Ni Bug?

Bí ẹ bá ti jókòó rí ní kíláàsì kọ̀ǹpútà, ẹ ti gbọ́ ìtàn àfòpiná. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1947, ní Yunifásítì Harvard, ẹ̀rọ ràgàjì kan tí wọ́n ń pè ní Mark II ń ṣe ségesège. Wọ́n tú u wò, wọ́n bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní Grace Hopper ló rí i. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń pe àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ní bug, torí pé kòkòrò ni bug lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtàn náà dùn o, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀hún ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà, tòun ti àfòpiná lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí bug gidi. Ẹ tún "gidi" yẹn kà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe! Ẹni tí kò bá ti ń pe nǹkan mìíràn ní bug tẹ́lẹ̀ ò lè ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Thomas Edison ti lò ó nínú lẹ́tà kan ní 1878, fún àwọn wàhálà kéékèèké tó máa ń yọjú nígbà tí èèyàn bá ń ṣe ohun tuntun. Hopper fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn àfòpiná, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló rí i, kì í ṣe òun. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ò tiẹ̀ ka àfòpiná mọ́ bug. Bug tiwọn ni irú kòkòrò tó ní ẹnu ṣóńṣó tó fi ń gún nǹkan fà mu, bí ìdun.

Ìdun yìí gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pè ní bug láyé àwọn 1600. Kó tó dìgbà yẹn, ohun ẹ̀rù ni bug. Nínú Bíbélì tí wọ́n túmọ̀ láyé Wycliffe, ní ìparí àwọn 1300, bugge ni ère àkísà tí wọ́n gbé kalẹ̀ sóko láti máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Coverdale fi bug sínú Sáàmù 91 ní 1535, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń dẹ́rù bani lóru. Nígbà tí ti Ọba James fi máa jáde ní 1611, wọ́n ti yí i padà. Torí náà, bí ẹ bá ti ka sáàmù yẹn rí nígbà tí oorun dá lójú yín, ẹ ti pàdé bug àtijọ́, ẹ ò kàn dá a mọ̀ ni.

Ìtumọ̀ yòókù pọ̀: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àìsàn inú rírun, kéèyàn máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni ìjà tiwa dá lé: ìta ni bug ti máa ń wá. Ó ń yọ́ wọlé ni. Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Edsger Dijkstra ti sọ ọ́ ní 1988 pé ká yéé pè é ní bug, ká pè é ní àṣìṣe, torí pé bug ń dọ́gbọ́n sọ pé nǹkan ọ̀hún yọ́ wọlé nígbà tí ẹni tó ń kọ sọ́fíwià ò wòye. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó le jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìlú Ọba ká wò ó bóyá ó le jù.

Láti 1999 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn ti ń lo ètò ìṣirò kan tó ń jẹ́ Horizon, tí Fujitsu ń bójú tó. Horizon á ní owó ò pé. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀ka á ní àwọn ò mú kọ́bọ̀, pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n wò wọ́n bí ẹni tó ń sọ pé òun rí iwin. Ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Oṣù Kejìlá 2019 ni Adájọ́ Peter Fraser tó dá a lẹ́jọ́ pé bug, àṣìṣe àti àléébù wà nínú Horizon lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tò tẹ̀ léra wọn. Lójú tiwa ó bójú mu, torí bug nìkan ò lè gbé ẹrù yẹn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bá ń jiyàn, iwin ni bug, ẹ̀yin lẹ ń rí ohun tí ò sí. Nígbà tó bá gbà, ó di kòkòrò, ó kàn bà síbẹ̀ ni. Nínú méjèèjì, ẹ ò ní gbọ́ pé ẹnì kan ṣe nǹkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: owó kúrò ní àkáǹtì yín, ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ò rí i, wọ́n á ní "bug ni, ẹ ní sùúrù."

Ìdí nìyí tí a ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fẹ́ ká túmọ̀ bug sí kòkòrò nínú áàpù Yorùbá. Ó rọrùn, òótọ́ ni. Kòkòrò tiwa náà ń jẹ́ èyí tó ń fò àti èyí tó ń fa àìsàn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ní "ṣe" nínú. Bí ẹ bá ti pè é, ẹnu yín á fẹ́ béèrè pé ta ló ṣe é. Tó bá jẹ́ dandan ká lo kòkòrò, kó jẹ́ kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, tó jẹ́ ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Àwa àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń kọ "àṣìṣe" sínú ìwé iṣẹ́ wa báyìí: ibi tó wà, ọjọ́ tó wọlé, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó dáa. Ojú máa ń tì wá díẹ̀. Àfòpiná ti 1947 nìkan la yọ̀ǹda bug fún, torí òun ò ní ẹni tó kọ ọ́.