Ìhun àti Àìsọ nínú Àpèjúwe Ẹ̀yà Tuntun: Àyẹ̀wò Lórí Yímíyímí Erékùṣù Madagásíkà

Ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni lámèyítọ́ sábà máa ń kà sí ohun àyẹ̀wò. Àpèjúwe tí onímọ̀ nípa ẹranko ń kọ nígbà tí ó bá rí ẹ̀yà tuntun kì í sí lára wọn. Ìdí tí wọ́n máa ń mú wá ni pé kò ní ọ̀nà èdè, àti pé kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkọ̀wé tí ó ní ìhun, tí ó ní òfin, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ní láti yan ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò fi sílẹ̀, tó ohun tí à ń yẹ̀ wò. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yóò tẹnu mọ́, nítorí pé ní ti yímíyímí Madagásíkà, àìsọ àwọn òǹkọ̀wé kan ti di gbèsè tí kò sí ẹni tí ó lè san án mọ́.

Erékùṣù ńlá ni Madagásíkà, nínú Òkun Íńdíà, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí màlúù tàbí ẹfọ̀n níbẹ̀ kí ènìyàn tó kó ẹran ọ̀sìn débẹ̀. Ìgbẹ́ lémúrì, ẹranko inú igbó tí ó bá ọ̀bọ tan, jẹ́ oúnjẹ pàtàkì fún àwọn yímíyímí inú igbó ibẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ náà tí a lè rí níbòmíràn láyé. Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé wọn ni Helictopleurus, tí E. Lebis ṣe àkójọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sínú ìwé kan ní ọdún 1960. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Láti ara "yí" àti "imí" ni Yorùbá ti ṣẹ̀dá yímíyímí. Ìṣe kòkòrò náà ni orúkọ ọ̀hún ń ròyìn. Ṣùgbọ́n àwọn Helictopleurus kì í yí imí. Ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń wọ́ ọ wọ inú ilẹ̀. Yíyá ni iṣẹ́ yìí yá orúkọ náà fún wọn. Orúkọ Yorùbá mú ìṣe, ó fi ìrísí sílẹ̀. Àpèjúwe onímọ̀ mú ìrísí, ó fi ìṣe sílẹ̀.

Ìhun àpèjúwe kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Láti orí ni òǹkọ̀wé ti ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ó ní ìwo tàbí kò ní, eyín mélòó ni ó wà létí iwájú orí náà. Ó bọ́ sí àyà, ó sọ bí àwọn kòtò kéékèèké ara rẹ̀ ṣe sún mọ́ra tó. Ó dé ìyẹ́ líle tí ó bo ẹ̀yìn, ó ka ilà rẹ̀. Ó dé ẹsẹ̀. Ó wá fi ẹ̀yà ìbísí akọ kádìí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀yà méjì tí ó jọra bí ìbejì ti sábà máa ń yàtọ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn tí ó fẹ́ràn ewì ni wọ́n máa ń fi gbígbẹ èdè yìí sùn ún. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kòkòrò ọwọ́ rẹ̀ wé èyí tí a kọ nípa rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn gbọ́dọ̀ bá orí níbi tí orí yẹ kí ó wà. Àlọ́ àpamọ̀ náà ń ṣe àpèjúwe, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é kí olùgbọ́ má baà tètè mọ̀ ọ́n. Irú ẹwà bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí ń wo ara kòkòrò lábẹ́ awò.

Ibi ìsọlórúkọ ni òǹkọ̀wé ti ní òmìnira jù, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń ṣì í lò. Quadripunctatus ń sọ pé ààmì mẹ́rin wà lára kòkòrò. Giganteus ń sọ pé òmìrán ni. Kí wá ni marsyas ń sọ? Afunfèrè inú ìtàn àwọn Gíríìkì ni Marsyas, ẹni tí òrìṣà Apollo bó láwọ láàyè. Kò sí ohun tí ó pa òun àti kòkòrò abẹ́ ìgbẹ́ pọ̀. Òfin ìsọlórúkọ ẹranko tí ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ jáde ní ọdún 1999 gbà kí orúkọ wá láti inú èdè èyíkéyìí, bí a bá ti fi lẹ́tà Látìn kọ ọ́. Èdè Málágásì wà lára "èyíkéyìí" náà.

Òfin yìí kan náà pa á láṣẹ pé, fún ẹ̀yà tí a bá kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1999, kí òǹkọ̀wé sọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀, kí ó yan kòkòrò tí yóò máa ru orúkọ náà, kí ó sì sọ ilé tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ti ibi tí a ti mú kòkòrò náà, ìmọ̀ràn lásán ni òfin fi ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Láàárín ọdún 2002 sí 2006, Ilkka Hanski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìdílé yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ kiri erékùṣù náà. Ní ọdún 2007 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Madagásíkà ti pàdánù nǹkan bí ìdajì igbó rẹ̀ láti ọdún 1953, ohun tí ó sì kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá igbó àtètèkọ́ṣe lọ. Nínú ẹ̀yà 51, 29 ni wọ́n rí. Ohun tí ó ṣàlàyé àìrí 22 yòókù jù lọ ni pípa igbó run níbi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Òǹkàwé tí ó bá ń kánjú yóò rò pé 51 ni iye gbogbo ẹ̀yà tí a ti mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùṣèwádìí náà kọ ni pé 51 ni iye ẹ̀yà tí a ní àkọsílẹ̀ nípa ibi tí a ti mú wọn. Èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ bá kọ "Madagásíkà" nìkan sí ìdí rẹ̀ kò lè wọ inú ìṣirò náà. Ó lè ti parun, ó lè wà. Kò sí igbó kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò.

A lè gba ẹjọ́ àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ rò. Kòkòrò tí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá bá wọn ní Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ nípa rẹ̀, ẹni tí ó gbé e wá kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwíjàre yìí kò lè gba òǹkọ̀wé òde òní là. Ohun èlò tí ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lò ó. Ibòmíràn ni àìsọ tirẹ̀ wà. Yóò kọ ohun tí ó fi dẹ pàkúté, irú bí imí ènìyàn, kò ní sọ ohun tí kòkòrò náà ń jẹ nígbà tí kò sí pàkúté. Bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn Helictopleurus ti kúrò lórí ìgbẹ́ lémúrì bọ́ sórí ìgbẹ́ màlúù ní pápá, àwọn tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi igbó ṣe ọ̀ràn-an-yàn mọ́. Ìrísí nìkan kò lè fi èyí hàn. Gbólóhùn kan tí ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, pé abẹ́ ìgbẹ́ báyìí ni a ti bá a, ó ń gbẹ́lẹ̀, nínú igbó tàbí ní pápá, kò ní gbà ju ìlà kan lọ nínú ìwé tí ó fi odindi ìpínrọ̀ ka kòtò ara àyà.