Ojú Àránpọ̀ Tí Bẹ̀nẹ̀ Rán

Ẹni tó bá dúró níwájú Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọlé, fáìlì ni yóò máa rí. Kò sí ọmọ tí kò gbé tirẹ̀ dání: ìwé ẹ̀rí ìbí, èsì WAEC, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé NIN, ìwé JAMB, àti fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tù lóríṣiríṣi. Wọ́n á kó o wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́ tó jókòó nídìí ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́ẹ̀sì. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó mọ ojú ewé tí nẹ́tíwọ̀kì ti sábà máa ń já, ó mọ bí fọ́tò ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kó tó wọlé. Ó máa ń wù mí láti wo irú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ohun tó ń tẹ̀ yẹn, ìjọba ti ní i lọ́wọ́. Ọ́fíìsì kan ti mọ orúkọ ọmọ náà, òmíràn ti mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì wà nípamọ́ ní Àbújá. Nítorí pé àwọn ọ́fíìsì yìí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọ yìí ló di òjíṣẹ́ wọn, tó ń gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ti ń gba iṣẹ́ òjíṣẹ́ yìí kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ni, Dàhòmì tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa bá a pààlà ní Ìdìrókò àti ní apá Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó bá tètè kúrò ní Ìjagun, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, lè dé Kétu lọ́jọ́ kan náà, kó kí wọn ní Yorùbá, kí wọ́n sì dá a lóhùn ní Yorùbá. Gbogbo èèyàn Bẹ̀nẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 lọ. Ọrọ̀ ajé wọn kò tó tiwa. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe tó yẹ kí á fara balẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mú ìwé ilé ẹjọ́ wá tó fi hàn pé kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan rí. Àwọn Faransé ló fi àṣà náà sílẹ̀ fún wọn. Ilé ẹjọ́ àgbègbè tí wọ́n ti bí èèyàn ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí náà ẹni tó ti ṣí lọ sí Parakou tàbí Kútọnu á tún wọ mọ́tò padà sí apá ibi tí wọ́n bí i sí, á kọ ìwé sílẹ̀, á dúró dè é tàbí kó padà wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ṣí ìkànnì kan tó ń jẹ́ service-public.bj. Ìwé ilé ẹjọ́ yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síbẹ̀. Èèyàn lè béèrè fún un níbi tó wà, kó sanwó rẹ̀ láti orí fóònù, kó sì rí i gbà láìwọ mọ́tò.

Ojú ìkànnì yẹn kò ní ohun tó fi bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí tó rẹwà jù ú lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò.

Nígbà tí ẹnì kan bá béèrè ìwé kan, ìbéèrè rẹ̀ kò lọ sínú àká ńlá kan tí ìjọba kó ọ̀rọ̀ gbogbo aráàlú jọ sí. Wọn kò kọ́ irú àká bẹ́ẹ̀. ANIP, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀ àwọn èèyàn, ló ń tọ́jú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ilé ẹjọ́ ń tọ́jú ti ilé ẹjọ́. Àwọn agbowó orí ń tọ́jú ti owó orí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀rọ aṣọ́nà kan sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tó bá ti wọ inú ètò náà. Bí ọ́fíìsì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà báyìí ni ti ẹni báyìí, ẹ̀rọ tirẹ̀ á kọ́kọ́ buwọ́ lu ìbéèrè náà, ìbuwọ́lù tí ẹlòmíràn kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Á wá tì í pa lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Á tún fi ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ̀rọ ANIP á gbà á, á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n fún ọ́fíìsì yìí láṣẹ láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí kò bá láṣẹ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ó bá láṣẹ, ìdáhùn á padà lọ, ìyẹn ohun tí wọ́n béèrè nìkan. Ìyókù ohun tí ANIP mọ̀ nípa ẹni náà kò ní kúrò ní ilé rẹ̀. Tọ̀tún-tòsì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbéèrè báyìí kọjá níbí, ní aago báyìí. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti parí.

Àwa tí a máa ń wọ aṣọ òfì lọ síbi ọdún Ojúde Ọba mọ irú ọgbọ́n yìí. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun òfì, kí aránṣọ tó wá mú etí ọ̀kan kan etí èkejì. Bí ojú àránpọ̀ bá dán mọ́rán, ọ̀já kọ̀ọ̀kan á dúró pẹ̀lú ọnà tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì di agbádá kan ṣoṣo. Bí kò bá dán mọ́rán, bó ti wù kí òwú náà wọ́n tó, lójú agbo ni yóò ti ya.

Bẹ̀nẹ̀ kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Estóníà ló ti wá, orílẹ̀-èdè etí Òkun Baltic tó gba òmìnira rẹ̀ padà lọ́wọ́ Soviet ní ọdún 1991. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 lọ. Wọn kò ní owó tí wọ́n lè fi ra ẹ̀rọ ràgàjì kan tí yóò gba àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì ti ń lo ẹ̀rọ tirẹ̀. Wọ́n wá pinnu pé kí kálukú máa mú tirẹ̀ dání, kí àwọn so ó pọ̀. Ètò ìsopọ̀ yẹn, X-Road, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Káàdì ìdánimọ̀ wọn tẹ̀ lé e ní 2002. Ilé iṣẹ́ Cybernetica tó lọ́wọ́ nínú kíkọ X-Road ló tún gbé irú rẹ̀ kan, UXP, dé Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti e-Governance Academy ní Tallinn.

Nǹkan kan wà tó máa ń jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún àwọn ará Estóníà ju ẹ̀rọ wọn lọ. Òfin wọn sọ pé ohun tí aráàlú bá ti sọ fún ìjọba lẹ́ẹ̀kan, ọ́fíìsì mìíràn kò gbọ́dọ̀ tún bi í. Èèyàn sì lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí ọ́fíìsì tó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìgbà tó wò ó. Òṣìṣẹ́ tó bá tọ pinpin wo ti aládùúgbò rẹ̀ á fojú winá òfin. Ní 2017, àwọn olùṣèwádìí rí àbùkù nínú ṣíìpù káàdì ìdánimọ̀ wọn, káàdì tó lé ní 750,000. Ìjọba kò bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ṣe àtúnṣe tí èèyàn lè gbé sórí káàdì rẹ̀ láti ilé, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá, wọ́n fòfin de lílo ìwé ẹ̀rí inú gbogbo káàdì tí kò tíì gba àtúnṣe. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fi àléébù iṣẹ́ rẹ̀ han oníbàárà kó tó bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ẹ gbà á gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Kí X-Road tó dé rárá, láti 1996, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tiigrihüpe. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ilé ìwé, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn olùkọ́ yẹn ni kí ẹ̀yin ará Ìjagun kíyè sí. Láti 2005 ni ìlú yín ti gbàlejò yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Ohun mìíràn tí mo gbóríyìn fún ní Bẹ̀nẹ̀ ni bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà. Ní 2009 ni wọ́n ti ṣe òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni aráàlú; tiwa tó kárí gbogbo iṣẹ́ kò dé títí di 2023. Ní oṣù kọkànlá 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkànìyàn tí wọ́n ń pè ní RAVIP, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba ìka ọwọ́ káàkiri ìgboro àti abúlé, láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti jáde. Ní oṣù kẹrin 2018 ni òfin ńlá wọn lórí ọ̀rọ̀ ayélujára jáde, tó sọ pé ìwé orí ẹ̀rọ lágbára bíi ti orí pépà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìkànnì fún aráàlú ní 2020. Ẹni tó bá sì fẹ́ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ń lọ sórí monentreprise.bj. UNCTAD, àjọ òwò Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jẹ́rìí sí i ní 2021 pé bíi wákàtí 2 péré ni ìwé ẹ̀rí ń gbà kó tó tẹ èèyàn lọ́wọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ obìnrin.

Èmi kò ní tìtorí pé iṣẹ́ náà wù mí kí n fi ìyókù pamọ́. Ìjọba kan náà ló gbé owó orí ka WhatsApp àti Facebook ní oṣù kẹsàn-án 2018, CFA 5 lórí megabyte kọ̀ọ̀kan. Ariwo aráàlú ló jẹ́ kí wọ́n fà á padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, wọ́n fi òfin ayélujára yẹn gan-an sọ oníròyìn kan sẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ sórí Twitter. Ọwọ́ tó lè so àwọn ọ́fíìsì pọ̀ lè já okùn mọ́ aráàlú lọ́wọ́. Lójú tèmi, èyí ló fà á tí ohun tí Estóníà ṣe, pé kí aráàlú máa rí ẹni tó ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò fi jẹ́ àṣerégèé. Èdè Faransé tí ìjọba fi ń ṣiṣẹ́ tún ń ti àgbàlagbà tó jẹ́ pé Yorùbá tàbí Fọ̀n nìkan ló gbọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ti kọ́ ilé ìkọ̀ǹpútà àdúgbò sí àwọn ìlú kan kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè rí ibi lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èdè ṣì kù.

Nàìjíríà kò ṣàìní nọ́ńbà. Láti 2007 ni òfin NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ti wà. Àwọn báǹkì gba ìka wa fún BVN láti 2014, àwọn tó ń ṣe ìwé ìrìnnà, ìwé ìwakọ̀ àti káàdì ìdìbò náà gba tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibì kan wà tí a ti rán etí pọ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ kí á sọ ọ́ kí inú àwọn tó ṣe é dùn: láti 2021, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ń wá tààrà láti inú NIN rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tún un tẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí bínú nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe tó ti sùn sínú NIN jí dìde. Bí ojú àránpọ̀ tòótọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń jẹ́ kí á mọ ibi tí òwú ti já, kí á lè tún un ṣe nídìí rẹ̀.

Tai Solarin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà jẹ́ kọmíṣọ́nnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní apá ìwọ̀-oòrùn wa níbí ní àwọn ọdún 1970. Mo gbà pé iṣẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe yìí á wù ú. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìjagun, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Kútọnu, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn tó ṣe é, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀yin aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mósàn, ìwé méjì péré ni mo fi bẹ̀ yín: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Ẹ so àwọn méjèèjì mọ́ NIN, ẹ fi òfin kékeré kan tì í lẹ́yìn pé ọ́fíìsì tó bá ti lè béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ aráàlú mọ́. Ẹ lè ṣe é láìdúró de Àbújá.