Lẹ́tà Mẹ́fà Ìdànrè

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a máa ń tẹ́ pátákó Scrabble sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Odòde Ìdànrè, níbi tí àpáta ti dúró gbọnin lẹ́yìn òrùlé bí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ máa ń ta á. Ọmọ ọdún 11 ni. Kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, eré kan wà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀: yóò ṣa I, D, A, N, R àti E nínú àpò, yóò tò wọ́n kí orúkọ ìlú wa hàn, yóò wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ẹyọ kan kún un."

Mo fi G kún un, ó di *reading*, ìwé kíkà. Mo fi T kún un, ó di *trained*, ẹni tí a ti kọ́ níṣẹ́. S sọ ọ́ di *sardine*, ẹja inú agolo tí gbogbo wa mọ̀. L sọ ọ́ di *Ireland*, orílẹ̀-èdè kan lódindi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ayò náà kò gba orúkọ ìlú. Èyí tó dá mi dúró jù ni V: *invader*, ẹni tó ń gbógun wọ̀lú. Orí òkè Ìdànrè ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí àpáta fi jẹ́ odi wọn, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Bí o kò bá sì fi ohunkóhun kún lẹ́tà mẹ́fà náà rárá, *rained* ni wọn yóò fún ọ: òjò rọ̀. Ẹni tó bá ti rí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí òkè wa nígbà òjò yóò mọ ìdí tí inú mi fi dùn sí ìyẹn.

Kì í ṣe orúkọ gbogbo ìlú ló rí báyìí. Àkúrẹ́ ní ẹ, Ọ̀wọ̀ ní ọ, ègé Scrabble kò sì ní àmì abẹ́ kankan. Ìdànrè ní tirẹ̀ bọ́ sínú àpò náà láìfarapa, àmì ohùn nìkan ló sọ nù. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ sì wọ́pọ̀. Alfred Butts, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà tó ṣe ayò yìí láàárín ọdún 1930 sí 1939, ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn kó tó pinnu iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. E jẹ́ 12, A àti I jẹ́ 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, N àti R jẹ́ 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, D jẹ́ 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 46 nínú 100 ègé. Máàkì 7 péré ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń mú wá, nígbà tí Q nìkan tàbí Z nìkan ń mú 10 wá. Ṣùgbọ́n anìkanrìn ni Q. Àwọn lẹ́tà olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí ló ń fara mọ́ra tí ọ̀rọ̀ gígùn fi ń jáde, ẹni tó bá sì lo ègé méje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò gba ẹ̀bùn máàkì 50.

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ la wá ń wá, tí lẹ́tà ìlú wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú rẹ̀. *Grandchildren* ni ọmọ náà kọ́kọ́ rí, àwọn ọmọ-ọmọ, lẹ́tà 13. *Understanding*, òye, lẹ́tà 13 bákan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mo rí *predestination*, àyànmọ́, lẹ́tà 14. Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi láti bá àyànmọ́ pàdé nínú orúkọ ìlú mi.

Ibi tí mo ti rọ́gbọ́n dá sí i ni pé láti ìrù ni Gẹ̀ẹ́sì ti sáábà máa ń gùn. Yorùbá, láti orí ni: mọ̀wé, àìmọ̀wé, aláìmọ̀wé. Ọmọ wa sì ń fi ojú Yorùbá wo Gẹ̀ẹ́sì, orí ọ̀rọ̀ ló ń wá ṣáá. Mo ní kí ó kọ́kọ́ di ìrù mú: fa ED sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o wo ohun tó kù. RAIN ló kù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣíwájú mi.

Àwọn ọ̀gá ayò yìí ní Nàìjíríà kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún ni wọ́n fi ń ká àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò, Wellington Jighere sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì ní Perth, ní Ọsirélíà, ní ọdún 2015, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kan sáárá sí wọn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn ni ọkàn mi wà.

Ìwé kan wà lára àpáta lókè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kà. Bí a bá gun òkè náà, iwájú ìwé yìí ni ọmọ náà ń pẹ́ sí jù, ju ààfin àtijọ́ lọ. Ó ní bóyá lẹ́tà kan ṣoṣo ni a kò tíì fi kún un.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì, kí ó fi lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá Yorùbá. Èmi ti rí *ire dán*, mo dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó tò ó. ERIN DA ló wà lórí tábìlì. Ó fi ohùn tirẹ̀ kà á fún mi: "Erin dà?" Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìkùukùu ti bo gbogbo òkè, àfi ẹ̀yìn àpáta kan ṣoṣo, dúdú, ràbàtà, tó tẹ̀ wálẹ̀ sí ọ̀nà igbó. Ó na ìka sí i.