Ṣé Ṣàngó ni Santiago ti Loíza? Àyẹ̀wò Àbá Kan

Ní ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, nígbà tí ooru bá mú gan-an ní erékùṣù Puerto Rico, àwọn ará ìlú Loíza a máa ṣe ọdún Jákọ́bù Mímọ́, ẹni tí àwọn elédè Spéìnì ń pè ní Santiago. Etí òkun ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù náà ni Loíza wà, àwọn ará ibẹ̀ tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ ìran àwọn ará Áfíríkà tí ó ṣe ẹrú níbẹ̀ títí òmìnira fi dé ní ọdún 1873. Ní ọdún 1954, Ricardo Alegría, ọ̀mọ̀wé ọmọ Puerto Rico, tẹ ìwé kan jáde lórí ọdún yìí. Ìwé tí ó níláárí ni. Ṣùgbọ́n àbá kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kì í sì í gbọ́ kí inú wọn má dùn: pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Ṣàngó ni àwọn ẹrú ń bọ lábẹ́ orúkọ Santiago. Adùn tí ó wà nínú àbá náà ni ó fi yẹ kí a gbé e sórí ìwọ̀n.

Ohun tí ó gbe àbá náà lẹ́sẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ère Santiago jókòó lórí ẹṣin funfun, idà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tá sì wà lábẹ́ pátákò ẹṣin. Jagunjagun ni, jagunjagun ni Ṣàngó náà. Èyí tí ó tún dùn jù ni pé, nínú Ìhìnrere Máàkù, orí kẹta, Jésù fúnra rẹ̀ sọ Jákọ́bù àti Jòhánù arákùnrin rẹ̀ ní Ọmọ Àrá. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ orúkọ àrá tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí Kòso?

Ṣùgbọ́n bí a bá gbójú kúrò ní Loíza díẹ̀, a ó rí i pé àrá yìí kò nílò Ọ̀yọ́ kí ó tó sán. Ní orí àwọn òkè Andes ní ilẹ̀ Peru, àwọn ọmọ onílẹ̀ so Santiago pọ̀ mọ́ Illapa, òòṣà àrá tiwọn, nítorí pé orúkọ Santiago ni àwọn ọmọ ogun Spéìnì ń ké bí wọ́n ti ń yin ìbọn. Kò sí Yorùbá tí ó kọ́ wọn. Inú ọkọ̀ Spéìnì ni àrá náà ti bá ẹni mímọ́ yìí wá. Ní ilẹ̀ Haiti tí ó wà nítòsí, ní ọjọ́ ọdún Santiago gan-an, ọ̀pọ̀ èrò a máa rọ́ lọ sí Plaine-du-Nord láti bọ ẹni mímọ́ kan náà, ẹni tí wọ́n sì ń pè níbẹ̀ ni Ogou, èyí tí í ṣe Ògún, kì í ṣe Ṣàngó. Ní Kúbà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè jiyàn pé ọwọ́ Yorùbá wà, Bárbárà Mímọ́ ni wọ́n fi bo Ṣàngó lójú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ni ọdún rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí ti dájú jù lọ, ẹlòmíràn ni Ṣàngó yàn.

Ó tún ku ohun tí a kò rí ní Loíza. Kò sí oṣé, kò sí ẹdùn àrá, kò sí bàtá, kò sí oríkì, orúkọ òrìṣà náà kò sì sí nínú ìsìn ọdún náà. Ṣàngó kì í wọ ilé kan kí ó dákẹ́. Ìlù tí wọ́n ń lù ni bomba, èyí tí wọ́n fi àgbá ọtí ṣe. Oníjó ni ó sì ń pàṣẹ: bí ó bá ju ara, olùlù tí ó mú ìlù kékeré lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ìlù dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá mọ bí onídùndún ti í fi ìlù sọ̀rọ̀ kí oníjó tó gbẹ́sẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn nìyí. (Ọ̀kan nínú àwọn ìlù bomba ń jẹ́ yubá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fò sókè. Orúkọ náà sún mọ́ juba, ijó àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, ju bí ó ti sún mọ́ orúkọ ìran Odùduwà lọ.)

Oríṣìí aláré mẹ́rin ni ó ń jáde nígbà ọdún náà. Àwọn caballero jẹ́ ẹlẹ́ṣin. Aṣọ wọn a máa dán, ìbòjú wọn sì jẹ́ àwọ̀n wáyà tí a ya ojú òyìnbó sí. Àwọn viejo wọ àkísà. Àwọn loca, ọkùnrin tí ó múra bí obìnrin, a máa gbá ojúde onílé, wọn a sì tọrọ owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹrin ni vejigante. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìbòjú tirẹ̀. Wọn a la ojú àti ẹnu sí i, wọn a ri ìwo bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ọn lórí, wọn a sì fi ọ̀dà aláwọ̀ kíkan kùn ún. Apá aṣọ rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ àdán. Àpò ìtọ̀ màlúù tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí í jẹ́ vejiga, ni ó fún un ní orúkọ, òun ni ó sì fi ń lu ẹni tí ó bá bá pàdé.

Yorùbá tí ó bá rí i yóò ní egúngún ni. Kì í ṣe egúngún. Cervantes ti kọ nípa aláwàdà kan tí ó so àpò ìtọ̀ màlúù mọ́ orí igi nínú apá kejì ìtàn Don Quixote ní ọdún 1615. Ará ọ̀run ni egúngún; vejigante jẹ́ ọmọ lágbájá, ìbòjú rẹ̀ sì ṣeé rà, kí a fi kọ́ ara ògiri. Síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ọpọlọ àwọn ará Loíza wà gan-an nìyí. Nínú ìtàn tí Spéìnì gbé wá, Kristẹni aṣẹ́gun ni caballero, vejigante sì ni Moor, Mùsùlùmí tí ó ti Àríwá Áfíríkà wá, tí Santiago ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọdún tí ń yọ̀ nítorí ìṣẹ́gun ará Áfíríkà lé ìran Áfíríkà lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fi ṣe? Wọn kò yí ìtàn náà padà, ìfẹ́ ni wọ́n ṣí nípò. Vejigante ni àwọn ọmọdé ń sá fún tí wọ́n sì tún ń tọ̀ lẹ́yìn. Òun ni àwọn ayàwòrán ń yà. Òun ni ó ti di àmì ìlú náà. Ẹlẹ́ṣin a kàn kọjá lọ ni. Ẹni tí ó bá ń wá Ṣàngó kiri kò ní rí èyí.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju àṣìṣe ìwádìí lọ. Ní ọdún 1958, Francisco Arriví kọ eré orí ìtàgé kan tí ó pè ní Vejigantes. Nínú rẹ̀, obìnrin kan fi ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú pamọ́ kí òyìnbó tí ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ má baà rí i. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ wà ní Puerto Rico, ó sì pọ̀. Ẹni tí ó bá wá láti òkèèrè láti sọ fún Loíza pé òòṣà ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí, láìmọ̀, lè rò pé òun ń bọlá fún wọn. Olùtọ́jú ẹrù ni ó sọ wọ́n dà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Santiago ti pẹ́ ní Loíza.

Ibi tí ìwé Alegría ti lágbára jù ni ibi tí ó ti fi àbá sílẹ̀ tí ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó fi hàn pé ère mẹ́ta ni Santiago ní nínú ìlú náà: ti àwọn ọkùnrin, ti àwọn obìnrin, àti ti àwọn ọmọdé. Olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọn kì í gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí Patriki Mímọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì Loíza ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé àwọn olùtọ́jú wọn ni wọ́n ń gbé láti ọdún dé ọdún. Ti àwọn ọmọdé ni ó kéré jù, òun sì ni wọ́n ní a kọ́kọ́ rí, nínú igi kan. Wọ́n gbé e lọ sílé, ó padà sínú igi. Wọ́n tún gbé e, ó tún padà, títí àlùfáà fi súre fún un. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé àwọn ère náà jáde, wọn a dúró níbi igi náà, ní Las Carreras, àwọn ẹlẹ́ṣin a sì gbé àsíá sáré níwájú rẹ̀.