Òpó Kan Ṣoṣo Nínú Ilé Òṣìṣẹ́: Àyẹ̀wò Rẹ́rẹ́ Rún ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí

Ìfáàrà

Bí eré-onítàn kan bá fi ìjà òṣìṣẹ́ ṣe kókó ọ̀rọ̀, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ bi í. Èkíní ni bóyá ìyà tí eré náà fi hàn jẹ́ ìyà tí òṣìṣẹ́ ń jẹ ní tòótọ́. Èkejì, tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni bóyá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ gbà borí tàbí gbà ṣubú nínú eré náà bá ọ̀nà tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ láyé mu. Rẹ́rẹ́ Rún, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1973, yege nínú ìbéèrè èkíní láìsí àríyànjiyàn. Ìbéèrè kejì ni bébà yìí dá lé. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé òótọ́ ni eré náà sọ nípa bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ń wó, ṣùgbọ́n kò sọ púpọ̀ nípa ohun tí ó lè mú un dúró.

Àkókò tí eré náà jáde

Kò ṣeé ṣe láti ṣe ìdájọ́ Rẹ́rẹ́ Rún láìwo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 1941, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu ṣe aṣáájú wọn, tò lọ sí ilé Gómìnà Bourdillon ní Èkó láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Ní oṣù kẹfà 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Wọ́n ń béèrè pé kí a fi ìdajì kún owó tí a ń san nítorí ọ̀wọ́n ọjà, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 6. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu. Ní oṣù kẹfà 1964, ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò mìíràn tún wáyé lórí ìròyìn ìgbìmọ̀ Morgan. Nígbà tí ó fi máa di 1969, ìjọba ológun ti fi òfin de ìdaṣẹ́sílẹ̀ pátápátá.

Abẹ́ òfin yìí ni Rẹ́rẹ́ Rún ti jáde. Ìyàtọ̀ pàtàkì nìyí láàrin rẹ̀ àti Strike and Hunger tí Hubert Ogunde gbé sórí ìtàgé ní 1945, nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún náà ṣì gbóná lọ́kàn ènìyàn. Ìjọba amúnisìn mọ agbára eré Ogunde. Ní 1946 ni wọ́n fòfin dè é ní Jos. Ṣùgbọ́n àjèjì ni ọ̀tá òṣìṣẹ́ ní ìgbà Ogunde. Ní ìgbà Òkédìjí, ẹni tí ó ń fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ ń bá a sọ èdè kan náà, òwe kan náà ni wọ́n sì jọ ń pa. Ogun irú èyí ṣòro jù, nítorí pé ọ̀tá mọ ilé òṣìṣẹ́ dé yàrá, ó sì mọ ibi tí ògiri ti lanu.

Láwúwo: òpó ilé

Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́, jẹ́ ẹni tí a kò lè fi owó rà. Ìwà yìí ni iyì rẹ̀, òun náà ni ó sì mú kí àwọn aláṣẹ wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí iwájú kò ṣeé gbà, ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé. Àwọn gbájúẹ̀ lu Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní jìbìtì, owó ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn lọ, Mọrẹ́nikẹ́ kú, Láwúwo pàdánù ọpọlọ rẹ̀, ìjà àwọn òṣìṣẹ́ sì fọ́ yángá. Orúkọ eré náà ti sọ ìparí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó rọrùn láti ka èyí sí ìtàn ẹni ńlá tí àyànmọ́ gbé ṣubú. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, àánú Láwúwo yóò ṣeni, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà owó oṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyànmọ́. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ìdí tí wíwó ilé ẹnì kan fi di wíwó gbogbo ẹgbẹ́. Ìdáhùn wà nínú eré náà fúnra rẹ̀: ọwọ́ ẹnì kan ni ìmọ̀ràn wà, ọwọ́ ẹnì kan náà ni ìgboyà wà, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni owó sì wà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n igi kan ni ẹgbẹ́ yìí fi ṣe igbó.

Ìtàn tòótọ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní 1943 ni ìjọba mú Imoudu kúrò ní Èkó, kò sì padà títí di 1945. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbà náà bá rí bí ti inú Rẹ́rẹ́ Rún, ìjà ì bá ti parí lọ́dún tí a mú un lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ kò yé béèrè owó ọ̀wọ́n ọjà náà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ rẹ̀ sì wọ oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies ṣe alága fún gbà pé kí a fi ìdajì tí wọ́n béèrè kún owó náà. Aṣáájú ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà kí ó tó dé.

Mọrẹ́nikẹ́: ìdáná tí ó dá wà

Ibi tí ó yẹ kí àríwísí ti le jù ni ọ̀rọ̀ Mọrẹ́nikẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni jìbìtì gbà wọlé, òǹkàwé tí kò ronú jinlẹ̀ sì lè parí èrò sí pé obìnrin ni ó ba ìjà ọkùnrin jẹ́. Ìdájọ́ yìí kò tọ́. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ni ó ń mọ̀ bí owó oṣù ṣe kéré tó, nítorí pé òun ni ó ń gbé e lọ sọ́jà. Ohun tí ó gbé Mọrẹ́nikẹ́ ṣubú ju àìgbọ́n lọ: a fi ẹrù gbogbo òṣìṣẹ́ sí ọrùn obìnrin kan, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó lè sáré lọ bá fún ìmọ̀ràn.

Àwọn obìnrin Èkó ní 1945 kò dá wà bẹ́ẹ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, ti kó wọn jọ láti bá ìjọba jà lórí ètò Pullen, tí ó fi òfin de iye tí wọ́n lè ta oúnjẹ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀tá kan náà ni ọjà àti iléeṣẹ́ ní, àwọn obìnrin náà sì ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tí kò gbowó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè dúró bí ìdáná rẹ̀ kò bá dúró. Àjọṣe ọjà àti iléeṣẹ́ yìí ni Rẹ́rẹ́ Rún kò fi ṣe òpó ìtàn rẹ̀. Bí ó bá fi í ṣe é, ikú Mọrẹ́nikẹ́ ì bá nira fún àwọn ọ̀tá láti pète.

Ohun tí a lè fi gbèjà òǹkọ̀wé

Ẹnìkan lè sọ pé òǹkọ̀wé eré kì í ṣe òpìtàn, pé kò sí òfin tí ó ní kí gbogbo ìtàn òṣìṣẹ́ parí sí ìṣẹ́gun. Òdodo ni. Ní 1973, tí òfin ti pa ìdaṣẹ́sílẹ̀ lẹ́nu mọ́, eré tí òṣìṣẹ́ ti borí pẹ̀lú ìrọ̀rùn ì bá jẹ́ irọ́. Ìparí kíkorò tí Òkédìjí yàn kò jẹ́ kí òǹwòran padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Inú á bí i, ìbínú náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìbínú tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dojú kọ lè di àìnírètí. Òǹwòran lè kúrò níbẹ̀ kí ó máa wí pé kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe sí alágbára. Ewu tí ó wà nínú eré náà nìyí, iṣẹ́ lámèyítọ́ sì ni láti tọ́ka sí i.

Ìgúnlẹ̀

Rẹ́rẹ́ Rún jẹ́ eré pàtàkì nítorí pé ó gbé òṣìṣẹ́ Yorùbá kalẹ̀ ní èdè rẹ̀, láìfi í ṣe ẹlẹ́yà, láìsì purọ́ fún un. Agbára rẹ̀ wà nínú bí ó ṣe fi hàn pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi ihò ògiri náà hàn wá, ṣùgbọ́n kò fi àwọn tí ó lè rẹ́ ẹ hàn. Àwọn tí ó rẹ́ ẹ ní 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, àti àwọn obìnrin tí ó dúró tì wọ́n láti ọjà. Kí a máa ka ìṣubú Láwúwo pẹ̀lú ìrántí àwọn wọ̀nyí. Nígbà náà ni a óò rí i pé ohun tí eré náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí kò tíì di ẹgbẹ́.